Ẹ Wo Etí Aago Kí Ẹ Tó Wo Ojú Rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú fún ti oṣù yìí, orí aago ọwọ́ sì ni gbogbo wọn dá lé. Ti bírikìlà ló gùn jù, òun náà ni mo sì fi ààyè tó pọ̀ jù lọ fún, nítorí pé ẹni tó bá ka ìdáhùn rẹ̀ ti ka èyí tó pọ̀ nínú ìdáhùn tó kan àwọn yòókù.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Bírikìlà ni mí ní Ìsọ̀kun, Iléṣà. Láàárín ọdún méjì, aago mẹ́ta ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Omi wọ inú ọ̀kan. Dígí èkejì họ débi pé n kò rí ojú rẹ̀ mọ́. Okùn ẹ̀kẹta já nígbà tí mo wà lórí àkàbà, aago náà sì bọ́ sínú kọnkéré tútù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ta aago nínú Ọjà Àtàkúnmọ́sà fi ọ̀kan hàn mí tó ní okùn mẹ́ta nínú páálí kan náà: ti rọ́bà, ti aṣọ àti ti awọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé “Stainless Steel Back” àti “5 Bar”. Ó ní aago yìí kò lè bàjẹ́ láéláé, àti pé mo lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n rà á? Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá aago tí yóò bá òun ṣiṣẹ́ mọ̀, tí òun yóò sì tún lè wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú?*

Ọ̀gá bírikìlà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú oòrùn. Ẹ fi “kò lè bàjẹ́ láéláé” sílẹ̀ fún ẹni tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Kò sí aago tí kì í bàjẹ́. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni pé apá wo lára rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, ṣé a ó sì rí ohun tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ nílùú tí a ń gbé. Ní ilẹ̀ tiwa tí oòrùn ti ń mú, tí òógùn kì í gbẹ lára ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, okùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ̀rọ inú aago olóbátìrì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ó má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n okùn tó bá lo ọdún méjì lọ́wọ́ bírikìlà, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ó wo etí aago kí ó tó wo ojú rẹ̀. Àwọn ìka kékeré mẹ́rin tó yọ jáde lára aago, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, tí okùn ń há sí láàárín wọn, ni mo ń pè ní etí.

Ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé dání lọ sí ọjà, kí ojú má sì tì yín. Ẹ fi wọn àlàfo tó wà láàárín etí méjì. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 18, 20 tàbí 22, tí àlàfo náà sì gún régé láìsí kọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, okùn tí yóò wọ̀ ọ́ kò ní wọ́n yín. Bí ó bá jẹ́ 19 tàbí 21, ẹ óò rìn díẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ẹnu okùn rẹ̀ ní gígé àrà, tí ó ní eyín tó wọ inú ara aago lọ, okùn ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ni yóò gbà, ọjọ́ tí ìyẹn bá sì já, aago tó ń ṣiṣẹ́ geere yóò di ohun ìṣeré ọmọ inú ilé. Páálí tó ní okùn mẹ́ta kò fi hàn pé aago náà gba okùn mìíràn. Ó lè jẹ́ pé mẹ́ta yẹn péré ló gbà láyé. Ẹ ní kí ọmọkùnrin náà mú okùn mìíràn láti orí àtẹ rẹ̀, okùn tí kò bá aago náà wá, kí ó fi sí i lójú yín. Bí ó bá wọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Pín ló kàn. Ọ̀pá tín-ín-rín ni, inú rẹ̀ ṣófo, sípíríìngì wà nínú òfìfo náà, orí rẹ̀ méjèèjì sì ń wọlé, ń jáde. Òun ló so okùn mọ́ aago, òun nìkan náà ni. Èyí tó wọ́pọ̀ nípọn tó mìlímítà 1.5, èyí tó jẹ́ 1.8 ló yẹ ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, bí ihò etí aago bá lè gbà á. Òógùn a máa wọ inú rẹ̀, yóò máa dípẹtà láti inú wá, ojú kò sì ní rí i. Ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Eréjà lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo nawọ́ láti san owó, mo kàn gbọ́ tí nǹkan dún “kó” létí gọ́tà ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, aago àti okùn ti bá àgbàrá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni alátùn-ún-ṣe aago kan ti fi okùn tuntun sí i fún mi, ṣùgbọ́n pín àtijọ́ tó ti jẹrà ló dá padà síbẹ̀, èmi náà kò sì bèèrè. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń pààrọ̀ okùn, mo ń pààrọ̀ pín méjèèjì. Kò sí ohun tó rọ̀ lówó tó o lára gbogbo aago.

Èyí ló mú kí n fẹ́ràn okùn aṣọ tó wà nínú páálí yín ju méjì yòókù lọ, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí mo rò. Ẹ gbé e sókè wò. Bí ó bá jẹ́ aṣọ gígùn kan ṣoṣo tó gba abẹ́ pín òkè kọjá, tó gba ẹ̀yìn aago, tó sì tún gba abẹ́ pín ìsàlẹ̀, pín kan lè já kí aago má bọ́ sílẹ̀, nítorí pé èkejì ṣì dì í mú. Iṣẹ́ ológun ló bí irú okùn yìí. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ìlànà bí wọn yóò ṣe máa ṣe é sílẹ̀ ní ọdún 1973, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ eérú ni, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 20. Àwọn ènìyàn ń pè é ní okùn NATO nítorí nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé ẹrù àwọn ológun. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbé aago ga sókè lọ́wọ́, nítorí aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń fa omi mu, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹnu àpò ṣòkòtò rẹ̀ bá há yóò máa bá a jà. Ṣùgbọ́n a lè bọ́ ọ láìlo irin iṣẹ́ kankan, kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ má gbàgbé sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì tútù ń jó ara. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ju mi lọ. Bí ó bá há sáàárín okùn àti awọ ara láti àárọ̀ di ọ̀sán, ojú egbò ni yóò fi síbẹ̀, nítorí pé òógùn kò jẹ́ kí ó gbẹ. Okùn awọ kò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́ rárá: sìmẹ́ǹtì yóò gbẹ ẹ́, òógùn yóò rẹ ẹ́, láàárín oṣù díẹ̀ yóò máa fọ́ bí àkàrà tó sùn. Ẹ tọ́jú u fún ṣọ́ọ̀ṣì. Okùn rọ́bà ni kí ẹ wọ̀ bí ẹ bá ń po kọnkéré, nítorí pé a lè da omi sí i lọ́wọ́ níbẹ̀ kí ó mọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi rọ́bà pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí orí rẹ̀ kan ìdí rẹ̀. Bí ìlà funfun bá yọ níbi tí ẹ tẹ̀, tàbí tí ó ń gan padà bí ike bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní ju ọ̀gbẹlẹ̀ kan lọ kí ó tó sán. Èyí tó dára máa ń rọ̀ wọ̀lọ̀, yóò sì padà sí bí ó ṣe wà láìsí àpá.

Ní ti “5 Bar”, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú olóye gbolẹ̀. Òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan ni Bar; Bar kan dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tó jìn tó mítà 10, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń kọ “50M” dípò “5 Bar”. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ wọ odò tó jìn tó mítà 50 pẹ̀lú rẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti dán an wò nígbà tó wà ní tuntun, omi náà dúró jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó ń ju ọwọ́. Ní ìlò ojoojúmọ́, 3 Bar kò ju kí òjò wẹ́wẹ́ kàn án tàbí kí a fi fọ ọwọ́. 5 Bar yóò gba òjò ńlá àti omi ìfọwọ́ ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ dáadáa tàbí kí ó dúró sábẹ́ ìtàkìtì omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí ó wá 10 Bar. Òrùka rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn ló ń lé omi, rọ́bà náà sì ń gbó. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé aago fún ẹni tó pààrọ̀ bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó fi ọ̀bẹ ṣí i, tí òrùka náà sì yọ lójú ihò rẹ̀, “5 Bar” ti di ìtàn. Mo rò pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ nínú aago yín ṣe rí.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ bóyá ọ̀rinrin ti wà nínú aago. Ẹ gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kí ó gbóná díẹ̀ bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ẹ kán omi tútù inú ọ̀rá kan tàbí méjì sí àárín dígí rẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá nù ún kúrò. Bí ìkùukùu bá wà lábẹ́ dígí náà níbi tí omi wà, tí aṣọ kò lè nù ún, omi ti wọ̀ ọ́. Mo ti rí ọlọ́jà tó gbà kí a ṣe èyí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ti rí èyí tó gba aago rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi kíákíá.

Dígí ni ọ̀rọ̀ aago yín kejì. Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n líle kan tí wọ́n ń pè ní Mohs, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 tó sì parí sí 10, dáyámọ́ǹdì ló sì wà lókè pátápátá. Dígí tó wà lára ọ̀pọ̀ aago kì í kọjá 6. Iyanrìn tí ẹ fi ń po sìmẹ́ǹtì, òkúta kúọ́ọ̀tì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, 7 sì ni. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi apá aṣọ nu ojú aago tí eruku wà lórí rẹ̀, iyanrìn ló ń fi èékánná ha á. Sàfáyà ni wọ́n fi ń ṣe ojú àwọn aago tó wọ́n díẹ̀, 9 ni tirẹ̀, iyanrìn kò sì lè rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n bí òòlù bá bà á, ó lè fọ́ ju dígí lásán lọ. Ojú ike ni àwọn mìíràn ní, ìyẹn sì máa ń tètè họ, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀ lè pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Fún ẹ̀yin, n kò ní ní kí ẹ náwó lé sàfáyà. Ẹ wá èyí tí ara rẹ̀ yọ ga ju dígí lọ yípo, kí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá ògiri, ara aago ni yóò kọ́kọ́ kàn án. Ẹ fi ojú aago dé orí tábìlì pẹrẹsẹ: bí dígí kò bá kan tábìlì, ó dára.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa “Stainless Steel Back”. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹ̀yìn nìkan ni irin tí kì í dípẹtà. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá jẹ́ irin bẹ́ẹ̀, “All Stainless Steel” tàbí “Stainless Steel” lásán ni wọn ìbá kọ. Ìyókù lè jẹ́ idẹ tàbí irin rírọ̀ kan tí wọ́n fi nǹkan dídán bò. Àwọn kan a máa gbé òòfà jáde nínú ọjà pé àwọn ń dán an wò; òòfà kì í fa idẹ, kì í sì í sábà fa irin aago tó dára, nítorí náà kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ibi tí ara ọwọ́ ti máa ń kan aago lábẹ́ etí rẹ̀ ni kí ẹ wò lára èyí tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún kan, bóyá ìbòrí dídán náà ti ṣí. Àwa Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń wa wúrà nílẹ̀ wa ní Ìtagunmódì kò yẹ kí ìbòrí aláwọ̀ wúrà tàn wá jẹ. Ike líle tí kò ní ìbòrí kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàbí ohun ọmọdé, dára fún iṣẹ́ yín ju idẹ aláwọ̀ fàdákà lọ.

Ẹ tún tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí aago tó ní ojú kéékèèké mẹ́ta nínú ojú ńlá, tó sì jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n fi kun gbogbo rẹ̀, ọwọ́ wọn kò lè mira. Ẹni tó bá parọ́ fún yín lójú aago, kí ni kò ní parọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Ní ti ẹ̀rọ inú rẹ̀, olóbátìrì ni kí ẹ rà, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn. Òkúta kúọ́ọ̀tì, ọmọ ìyá iyanrìn tó ń họ dígí, ló ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí àṣìṣe rẹ̀ máà sábà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí 20 lọ lóṣù. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni Seiko ti ilẹ̀ Japan ti gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sọ́jà fún ọwọ́. Aago aláìlóbátìrì tó ń fi ìrìn ọwọ́ yí ara rẹ̀ lè pàdánù iye yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ìmìtìtì òòlù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ mi: bí etí rẹ̀ bá jẹ́ 20 tàbí 22, tí okùn orí àtẹ wọ̀ ọ́, tí omi kò sí nínú rẹ̀, tí dígí rẹ̀ sì sá sínú, ẹ rà á, kí ẹ má ka ti ìbòrí sí títí, kìkì pé kí owó rẹ̀ jẹ́ ti aago onídẹ. Ní ti sísan díẹ̀díẹ̀, ìlú òṣómàáló la wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá tajà àwìn fúnni yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni. Ẹ bèèrè iye tó jẹ́ lówó ọwọ́ ná, kí ẹ tó gbọ́ iye tó jẹ́ láwìn.

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà níbí. Aago aláwọ ni mo ń lò láti fi ka ìlù ọkàn aláìsàn. Okùn wo ni ẹ rò pé ó tọ́ kí n fi pààrọ̀ rẹ̀?*

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú ìtọ́jú. Awọ kò ṣeé fi oògùn apakòkòrò nù dáadáa. Ohun tó bá ta sí i ti wọ inú rẹ̀ lọ. Okùn aṣọ náà kò sàn jù ú lọ lọ́dọ̀ yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti yìn ín fún bírikìlà. Rọ́bà sílíkọ́ọ̀nù tí kò ní ihò yẹ́bẹyẹ̀bẹ ni kí ẹ lò nígbà tí ẹ bá ń lọ tí ẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ẹ bọ́ ọ. Ní ọdún 2007 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọn má ṣe wọ ohunkóhun sí ọwọ́ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ nígbà ìtọ́jú, kí wọ́n lè fọ ọwọ́ wọn dé ibi tó yẹ. Aago tí a ń fi pín kọ́ sí àyà, tí ojú rẹ̀ dorí kodò kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè kà á, ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń lò tipẹ́. Kìkì pé kí ẹ rí i pé ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá tó pupa tàbí tó dúdú kedere.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní OAU, Ilé-Ifẹ̀. G-Shock tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ti já. Mo ti wá a dé Lágéré, mo dé Sábó, gbogbo èyí tí wọ́n fi hàn mí ni kò wọ̀ ọ́.*

Ọmọ mi, o kú ìrìn. Ohun tí mo kọ sí bírikìlà nípa etí aago náà ló dé bá ọ. Kikuo Ibe, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Casio, ló dá aago yìí sílẹ̀ lẹ́yìn tí aago tí bàbá rẹ̀ fún un bọ́ sílẹ̀ tó sì fọ́. Ojú fèrèsé ilé ìyàgbẹ́ kan ní àjà kẹta ló ti ń ju àwọn tí ó ń dán wò sílẹ̀, ó ju igba lọ tó fọ́ kí èyí tí kò fọ́ tó jáde ní ọdún 1983. Àfojúsùn rẹ̀ ni pé kí ó lè já bọ́ láti òkè mítà 10 láìfọ́, kí ó gba 10 Bar, kí bátìrì rẹ̀ sì lo ọdún 10. Okùn rẹ̀ wà lára ohun tó ń gba ìjàǹbá fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e mọ́ ara aago lọ́nà tí okùn lásán kò fi lè wọ̀ ọ́.

Yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Wàá rí nọ́ḿbà mẹ́rin tí wọ́n fi ìlà yí ká; nọ́ḿbà náà ni kí o fi béèrè okùn, má ṣe fi orúkọ aago lásán béèrè. Àwọn kan ń ta irin kékeré méjì tí a ń há sí ẹnu rẹ̀ tí yóò sì sọ ọ́ di ẹni tó gba okùn mìlímítà 22 tàbí 24. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n rí i pé nọ́ḿbà aago tìrẹ wà lára èyí tí wọ́n ṣe é fún. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná lu ihò sí i lára.

*Ọ̀gá, okùn aṣọ aago mi ń rùn, ọwọ́ mi sì ń yún mi níbi tí irin rẹ̀ ń kàn. Kí ni kí n ṣe? Oníṣòwò, Òkèesà.*

Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ sọ pọ̀. Òórùn náà, òógùn àná ni. Ẹ bọ́ okùn náà lálẹ́ Sátidé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fún bí wákàtí kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo ojú méjèèjì, kí ẹ sá a sí ibòòji. Ẹ má fi aago gan-an rẹ sínú rẹ̀ o. Ti yíyún, nikẹ́ẹ̀lì tó wà nínú irin ìdè náà ni mo fura sí, ara ẹlòmíràn kì í gbà á, pàápàá bí òógùn bá ti rẹ ibẹ̀. Ẹ wo bóyá ibi tó pupa náà rí bí irin ìdè gẹ́lẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ sí okùn tí ó ní ìdè ike tàbí èyí tí aṣọ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra fúnra rẹ̀, kí ẹ sì lọ fi ọwọ́ náà han dókítà bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.